TÁYÀ TÍ Ó YẸ MỌ́TÒ ALÁGBÁRA

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ọ̀rọ̀ táyà ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ wa nínú táyà. Ó kàn wá gidigidi. Nínú àwọn ìwé ẹ̀yáwó tí a máa ń yẹ̀ wò ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, owó ọkọ̀ kì í gbẹ́yìn. Ọmọ ẹgbẹ́ kan yóò yá owó láti ra tòkunbọ̀ tí yóò fi máa ná Adó tàbí Èkó. Òmíràn fẹ́ ra ọkọ̀ tí ó le, tí ó sì ń sáré dáadáa, kí ó lè máa gbé e lọ sí Àbújá. Onídùúró méjì yóò tọwọ́ bọ ìwé. Ìgbìmọ̀ yóò wo ìwé ọkọ̀, mẹkáníìkì yóò wo ẹ́ńjìnì àti jíà, gbogbo ènìyàn yóò sì yin ọ̀dà ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọkọ̀ náà fi dúró lórí ilẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í sábà bẹ̀rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé bí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ́ lórí eré, ẹ̀mí lè lọ, ọkọ̀ lè di àlòkù irin, gbèsè yóò sì wà lọ́rùn àwọn onídùúró.

Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ síbi táyà, kí ó ka ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì lè sọ bóyá ó bá ọkọ̀ náà mu tàbí kò bá a mu. Iṣẹ́ náà kò gba ìwé púpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ nọ́ńbà, tí ó sì mọ A, B, D, lè ṣe é.

ỌKỌ̀ ÒDE ÒNÍ KÌ Í ṢE ẸGBẸ́ TI ÀTIJỌ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí Peugeot 504 tí ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí tò ní ọdún 1975. Òun ni ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa lọ sí ilé ìwé, tí ó sì gbé òkú àti ọ̀tun wa. Agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò tó ti ẹṣin 100. Lónìí, Toyota Camry oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà tí ó jáde ní ọdún 2007, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Muscle, agbára ẹṣin 268 ni ó ní. A kò tíì dé orí Mercedes, BMW àti Lexus oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ. Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti wà ní gbogbo ìlú wa. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun ń fi wọ́n ránṣẹ́ sílé, àwọn mìíràn sì ń rà wọ́n ní ọjà tòkunbọ̀.

Kò sí ibi tí gbogbo agbára yìí lè gbà dé ilẹ̀ bí kò ṣe ara táyà. Ibi tí táyà kan fi kan ilẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà kan lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ni ó ń gbé ọkọ̀ náà, òun ni ó ń yí i, òun náà ni ó sì ń dá a dúró. Ẹ tún rántí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá tí bíréèkì àti táyà gbọ́dọ̀ pa kí ọkọ̀ tó dúró a máa di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí táyà tí ó tó fún ọkọ̀ kékeré tí ń rọra rìn fi lè má tó fún ọkọ̀ alágbára, bí ó tilẹ̀ wọ rímù rẹ̀ rẹ́gí.

OORU NI Ọ̀TÁ TÁYÀ

Bí táyà ti ń yí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ tí ó sì ń nà. Títẹ̀ àti nínà yìí ni ó ń mú ooru wá. Bí eré bá pọ̀, bí ẹrù bá wúwo, bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò bá tó, tàbí bí rọ́bà bá ti gbó, ooru náà yóò pọ̀ ju bí táyà ti lè tú u dànù lọ. Nígbà náà ni àwọn ìpele tí ó wà nínú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ya kúrò lára ara wọn, títí táyà yóò fi bẹ́. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní àfọwọ́fà ayé, ooru ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ méjì tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2013, gbajúmọ̀ òṣèré fíìmù nì, Paul Walker, kú nínú ọkọ̀ Porsche Carrera GT ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó wà ní ìdí ọkọ̀, òun náà kú. Agbára ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà ju ti ẹṣin 600 lọ. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wádìí rẹ̀, wọ́n ní eré àsápajúdé ni ó fa jàǹbá náà, wọ́n sì tọ́ka sí i pé àwọn táyà ọkọ̀ náà ti lé ní ọdún 9. Ọkọ̀ olówó ńlá ni, ojú ọ̀nà ibẹ̀ sì dán. Síbẹ̀, rọ́bà tí ó ti gbó kò lè di ilẹ̀ mú.

Èkejì ṣẹlẹ̀ nílé wa níhìn-ín. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, Amòfin James Ocholi, tí ó jẹ́ Mínísítà Kékeré fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ nígbà náà, kú pẹ̀lú aya rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, sọ pé táyà bẹ́ nígbà tí ọkọ̀ náà wà lórí eré. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ ìjọba, ẹni tí ó fi owó ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ táyà.

BÍ A ṢE Ń KA ẸGBẸ́ TÁYÀ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ síbi táyà ọkọ̀ yín báyìí. Ẹ ó rí ohun tí ó jọ èyí: 215/55R17 94V. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí.

215 ni ìbú táyà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, mìlímítà ni a fi wọ̀n ọ́n.

55 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé bí a bá pín ìbú rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún, gíga ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 55 nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré sí i ni ẹ̀gbẹ́ táyà yóò ṣe kúrú sí i.

R ń sọ bí a ṣe to okùn inú táyà. Irú rẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ kékeré òde òní ń lò.

17 ni ìwọ̀n rímù tí ó yẹ ẹ́, íǹṣì ni a fi wọ̀n ọ́n.

94 ni ẹrù tí táyà kan lè gbé. Kì í ṣe kílò 94 o. Nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni. 91 dúró fún kílò 615, 94 dúró fún 670, 98 sì dúró fún 750. Ẹni tí ó bá bọ́ 94 kúrò tí ó sì fi 91 sí i ti dín kílò 55 kù lára ohun tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé. Bí ó bá wá di ènìyàn márùn-ún pẹ̀lú àpò gàrí àti iṣu nínú búùtù, ẹ̀yin náà ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

V ni ìwọ̀n eré tí táyà lè fara dà nígbà tí ó wà ní tuntun tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì pé. S jẹ́ kìlómítà 180 ní wákàtí kan, T jẹ́ 190, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240, W jẹ́ 270, Y sì jẹ́ 300.

Níhìn-ín ni àwọn ènìyàn máa ń bi wá pé: “Nígbà tí òfin kò gbà kí á sáré ju 100 lọ, kí ni a fẹ́ fi táyà 240 ṣe?” Ìbéèrè tí ó dára ni. Lẹ́tà náà kì í ṣe ìyọ̀ǹda láti sáré. Òṣùwọ̀n bí táyà ṣe lè fara da ooru àti wàhálà ni. Ọkọ̀ alágbára a máa wúwo, a máa fi ipá gbéra, bíréèkì rẹ̀ a sì máa fi ipá dì í mú. Táyà tí lẹ́tà rẹ̀ ga ni a kọ́ láti gba irú ipá bẹ́ẹ̀, kì í tètè gbóná, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í sì yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ń yí kọ́nà. Nítorí náà, ìwọ̀n tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà kọ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn náà ń tì mọ́. Ìwé kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó sọ ìwọ̀n táyà àti iye afẹ́fẹ́. Ẹ lè ra èyí tí nọ́ńbà ẹrù àti lẹ́tà eré rẹ̀ ga ju ti ibẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe ra èyí tí ó rẹlẹ̀ sí i.

Àwọn ọkọ̀ alágbára kan wà tí táyà ẹ̀yìn wọn fẹ̀ ju ti iwájú lọ. Ìwé ara ilẹ̀kùn yóò sọ bẹ́ẹ̀. Irú ọkọ̀ yìí kò ṣeé pààrọ̀ táyà iwájú sí ẹ̀yìn, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ṣírò owó.

ỌJỌ́ ORÍ TÁYÀ

Ẹ wá ibi tí a kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ni ọjọ́ ìbí táyà. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, táyà náà ti wà kí ọdún 2000 tó dé. Ẹ sá fún un bí ẹni sá fún ejò. Ìgbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà náà wà, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ inú. Ẹ ní kí fọkanáísà yí táyà náà padà kí ẹ tó sanwó. Bí ẹnìkan bá ti fi ọ̀bẹ ha nọ́ńbà náà kúrò, ó ní ohun tí ó ń pamọ́.

Àjọ FRSC máa ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe lo táyà ju ọdún 4 lọ láti ọjọ́ tí a ti ṣe é. Ní òkè òkun, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ ni ó fi ààlà sí ọdún 6. Ìyàtọ̀ náà kò yà wá lẹ́nu, nítorí oòrùn ilẹ̀ wa mú, oòrùn a sì máa gbó rọ́bà. Táyà tí kò tilẹ̀ rìn rárá ń gbó. Èyí tí wọ́n gbé kọ́ sí iwájú ìsọ̀ nínú oòrùn láti ọdún dé ọdún, tuntun ni lójú, àmọ́ ara rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ má sì gbàgbé táyà àfirọ́pò tí ó wà nínú búùtù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òun ni ó dàgbà jù nínú gbogbo wọn.

IRÚ RỌ́BÀ TÍ Ó BÁ ILẸ̀ WA MU

Kì í ṣe rọ́bà kan náà ni a fi ń ṣe gbogbo táyà. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìgbà òtútù ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, rọ́bà rẹ̀ rọ̀ kí ó má baà gan nígbà tí òtútù bá mú ju ìwọ̀n 7 lọ. Àwòrán òkè kékeré tí ó ní ìràwọ̀ yìnyín nínú ni ẹ ó fi dá a mọ̀. Òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ó tutù jù ní Ìkọ̀lé kò dé ìwọ̀n yẹn, ká má tíì sọ ọ̀sán oṣù kẹta. Irú táyà yìí lórí ọ̀dà gbígbóná yóò máa jẹ bí ọṣẹ, yóò máa mì lórí eré, bíréèkì rẹ̀ kò sì ní í múná. Bẹ́ẹ̀, ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tòkunbọ̀ tí ó ń ti Yúróòpù wá, nítorí pé eyín rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì ń wu ojú. Eyín jíjìn nìkan kò tó. Ẹ wo àwòrán náà kí ẹ tó dunnú.

Òmíràn ni táyà tí wọ́n ṣe fún eré ìje. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó di ilẹ̀ mú bí àtè. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kò jinlẹ̀, kò sì ní ibi tí omi yóò gbà jáde. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, omi yóò gbé irú táyà bẹ́ẹ̀ léfòó, sítíárìn yóò fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, ọkọ̀ yóò sì máa lọ sí ibi tí ó wù ú. Ó tún máa ń tètè tán.

Táyà tí ó wà fún Amẹ́ríkà a máa ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta lára tí ó lè ràn yín lọ́wọ́. TREADWEAR ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó: èyí tí ó jẹ́ 200 yóò tètè jẹ, èyí tí ó jẹ́ 500 yóò pẹ́ ju ú lọ dáadáa. TRACTION ń sọ bí ó ṣe ń dúró lórí omi: AA ni ó dára jù, A tẹ̀lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni B àti C. TEMPERATURE ń sọ bí ó ṣe ń fara da ooru: A ni ó dára jù, C ni ó kẹ́yìn. Fún ọkọ̀ alágbára ní agbègbè wa, ìmọ̀ràn wa ni pé kí TEMPERATURE jẹ́ A, kí TRACTION jẹ́ A tàbí AA, kí TREADWEAR sì wà láàárín 300 sí 500. Táyà bẹ́ẹ̀ yóò di ilẹ̀ mú, kò sì ní í jẹ owó yín run.

RÍMÙ ŃLÁ ÀTI KÒTÒ OJÚ Ọ̀NÀ WA

Ẹ̀yin náà mọ ojú ọ̀nà wa. Láti Ìfàkì dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, títí dé Òmùò, òkè àti ìsàlẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀nà bá dán lónìí, kòtò lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn òjò mélòó kan. Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú, irú 40 tàbí 35 lórí rímù 19 tàbí 20, ó rẹwà lójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá já sí kòtò, kò sí rọ́bà tí ó pọ̀ tó láàárín irin rímù àti etí ọ̀dà. Okùn inú táyà yóò já, kókó yóò sì yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí eéwo. Táyà tí ó bá yọ kókó kò ní àtúnṣe. Kí a yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ ni.

Nítorí náà, bí ìwé ara ilẹ̀kùn bá fàyè gba rímù méjì tàbí mẹ́ta fún ọkọ̀ yín, ẹ mú èyí tí ó kéré jù nínú wọn, kí ẹ̀gbẹ́ táyà lè ga. Àmọ́ ẹ má ṣe fi tipátipá dín rímù kù ju ohun tí ìwé sọ lọ. Bíréèkì ọkọ̀ alágbára tóbi, rímù kékeré kò ní í gbà á. Bákan náà, ẹ má ṣe sọ rímù di ńlá nítorí ẹwà.

TÒKUNBỌ̀ ÀTI TÁYÀ INÚ TÁYÀ

Ìgbà kan wà tí a ń ṣe táyà ní ilẹ̀ wa. Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà, Michelin sì ń ṣe é ní Port Harcourt, láti àwọn ọdún 1960. Michelin dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró ní ọdún 2007, Dunlop náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọjà ti kún fún táyà tí ó ń ti òde wá, rere àti búburú.

Kíkó táyà àlòkù ti ọkọ̀ kékeré wọ ilẹ̀ yìí wà nínú ohun tí ìjọba fòfin dè. Ó ń wọlé síbẹ̀. Búburú rẹ̀ kì í ṣe pé ẹlòmíràn ti lò ó nìkan. A kò mọ ìdí tí ẹni àkọ́kọ́ fi bọ́ ọ sọnù, a kò sì mọ̀ bóyá ó ti rìn láìní afẹ́fẹ́ rí. Àwọn kan a máa fi irin gbígbóná gbẹ́ eyín tuntun sí èyí tí ó ti dán, wọn a sì fi ìpara dúdú kùn ún títí yóò fi máa kọ mọ̀nà.

Táyà tuntun pàápàá ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àjọ SON, tí ń mójú tó ìjójúlówó ọjà, ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ táyà tí wọ́n fi tipátipá kì bọ inú ara wọn, mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ọ̀kan, kí wọ́n lè gba àyè díẹ̀ nínú kọ̀ntẹ́nà. Fífún tí wọ́n fún un mọ́ra yẹn a máa ṣẹ́ waya inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí táyà tuntun tí etí rẹ̀ tẹ̀ tàbí tí ó wọ́, tí kò dúró róbótó lórí ilẹ̀, ẹ má rà á.

BÍ OWÓ KÒ BÁ TÓ TÁYÀ MẸ́RIN

Mẹ́rin ni ó dára jù, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà. Bí agbára kò bá ká a, ẹ ra méjì tí ó jọra, kí ẹ sì fi wọ́n sí ẹ̀yìn, bí ìwọ̀n tẹ̀yìn àti tiwájú bá jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń fi tuntun sí iwájú nítorí pé iwájú ni sítíárìn wà. Ṣùgbọ́n bí táyà iwájú bá yọ̀ lórí omi, awakọ̀ a máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ó sì lè rọra dín eré kù. Bí tẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ yóò pòòyì kí awakọ̀ tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi táyà méjì tí kò jọra sí ọ̀tún àti òsì ẹsẹ̀ kan náà láé.

Láàárín eyín táyà ni ẹ ó ti rí àwọn kókó kékeré tí ó dúró sí ìwọ̀n mìlímítà 1.6. Bí ojú táyà bá ti jẹ dé orí wọn, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí waya yóò yọ.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ RẸ̀

Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí a ó lò yìí, nítorí owó ọjà ń yí padà lójoojúmọ́. Ká ní táyà tuntun kan jẹ́ N120,000, tí ó sì rìn fún kìlómítà 50,000. Kìlómítà kan jẹ́ N2.40. Ká ní tòkunbọ̀ jẹ́ N45,000, tí ó sì rìn fún kìlómítà 12,000 kí ó tó tán. Kìlómítà kan ti di N3.75. Lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, N9.60 ni tuntun ń ná yín, N15 ni tòkunbọ̀ ń ná yín. Èyí tí a pè ní ọ̀pọ́ ni ó gbówó lórí jù, a kò sì tíì ka owó fọkanáísà mọ́ ọn, tàbí ọjọ́ tí ọkọ̀ dúró tí kò pawó wálé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ apá kejì. Táyà tí ó yẹ ọkọ̀ alágbára wọ́n ju ti ọkọ̀ kékeré lọ, ó sì ń tètè jẹ. Ká ní ó jẹ́ N150,000 tí ó sì rìn fún kìlómítà 30,000, kìlómítà kan ti di N5 lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ń ra ọkọ̀ oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ gbọ́dọ̀ ti ka owó yìí mọ́ ẹ̀yáwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ra táyà tí ó yẹ mọ́tò kan, kò tíì lè ra mọ́tò náà. Kí ó lọ ra oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, kí ó fi táyà gidi sí i, kí ó sì máa lọ ní àlàáfíà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

AFẸ́FẸ́

Táyà tí ó dára jù lọ láyé yóò bẹ́ bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò bá tó. Iye tí ó wà lára òpó ilẹ̀kùn ni kí ẹ fẹ́ sí i. Èyí tí a kọ sí ara táyà fúnra rẹ̀ ni ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí ó wà. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Bí táyà bá ti gbóná, géèjì yóò ga. Ẹ má ṣe tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde nítorí ìyẹn, nítorí bí ó bá tutù yóò wá kéré jù, ìrìn tí ó tẹ̀lé e ni yóò sì bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ gbà pé ó yẹ kí a dín afẹ́fẹ́ kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dídín tí wọ́n dín in kù ni ó ń fa ooru.

Àwọn kan ń ta afẹ́fẹ́ nitrogen ní owó gọbọi. Kò burú, àmọ́ kì í ṣe oògùn. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú pàápàá, 78 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ nitrogen. Ẹni tí ó bá ń wọn táyà rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti ṣe ohun tí ó jù ú lọ.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ Ẹ̀YÁWÓ GBỌ́DỌ̀ ṢE

A rọ gbogbo ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fi àwọn ohun wọ̀nyí kún ètò wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó ọkọ̀:

1. Kí ẹni tí ó fẹ́ yáwó kọ ìwọ̀n táyà tí ó wà lára òpó ilẹ̀kùn, kí ó sì kọ èyí tí ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ gan-an. Bí méjèèjì kò bá bá ara mu, kí ó ṣàlàyé.

2. Kí ó kọ nọ́ńbà DOT táyà márùn-ún, pẹ̀lú ti inú búùtù.

3. Bí táyà bá ti gbó, kí owó tuntun wà nínú ẹ̀yáwó náà. Kí ìgbìmọ̀ má ṣe sọ pé òun yóò wá a fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá yá.

4. Kí ìwé owó tí oníṣòwò bá kọ ní irú táyà, ìwọ̀n àti nọ́ńbà DOT nínú. Oníṣòwò tí ó kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

5. Kí onídùúró lọ fi ojú ara rẹ̀ wo táyà náà. Ẹni tí yóò san gbèsè ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Àwọn ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí ó ní ọkọ̀ pọ̀ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lè para pọ̀ ra táyà lọ́wọ́ aṣojú ilé iṣẹ́ gidi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ra ajílẹ̀ àti ìrẹsì. Táyà mẹ́rin kò lágbára láti dúnàádúrà, àmọ́ ogójì táyà lè ṣe é. Kí ẹgbẹ́ sì ra géèjì kan tí ó dára, kí ó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé. Owó rẹ̀ kéré, ẹnikẹ́ni sì lè fi wọn táyà rẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọkọ̀ alágbára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run fún, kí ó máa gùn ún. Kí ó sáà rántí pé bí a bá ti fi owó ẹgbẹ́ rà á, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà lórí sítíárìn náà. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ka nọ́ńbà DOT ọkọ̀ tí ó wà níta gbọ̀ngàn sí etí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn, kí a jọ mọ èyí tí ó tó ọjọ́ bíbọ́ sílẹ̀.